Wọ̀bìà Kọ́ O!

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ebi kò bá wá kúrò nínú obìnrin lẹ́yìn tí ó jẹun tán ńkọ́? Wọ̀bìà ni a ń pè é. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan bẹ́ẹ̀ ní yàrá wa. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò bá wa jẹun mọ́. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, tí irùngbọ̀n sì ń hù ú, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní polycystic ovary syndrome ni.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1935 ni Stein àti Leventhal, dókítà méjì ní Chicago, ti kọ nípa rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nínú 100 obìnrin tí ó tó bímọ, bí 10 sí 13 ni ó ní in. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀.

Ta ni ń rán ebi sí wa? Họ́mọ́nù ni, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Ghrelin, tí àwọn ará Jàpáànì ṣàwárí ní 1999, ń ti inú ikùn sọ fún ọpọlọ pé, "Ebi ń pa wá." Leptin, tí wọ́n ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1994, ń ti inú ọ̀rá sọ pé, "Ó tó." Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, leptin a pọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í fetí sí i mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní àìsàn yìí, ara kì í gbọ́ ti insulin dáadáa. Insulin a wá pọ̀ sí i, a sì mú kí ilé-ẹyin máa ṣe họ́mọ́nù ọkùnrin ní àpọ̀jù. Àwọn ìwádìí kan tún fi hàn pé ghrelin wọn kì í lọ sílẹ̀ tó bí ó ti yẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìránṣẹ́ ń ṣìṣẹ́, ẹni tí a rán an sí kò gbọ́. Ṣé ìwà ni a ó pe èyí?

Ẹnìkan lè ní mo ń gbè sẹ́yìn àjẹkì. Rárá o. Bí ẹni tí ó sanra nínú wọn bá dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù ní 5 sí 10 nínú 100, nǹkan oṣù rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó sanra. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìtìjú kì í jẹ́ kí ó tètè wá ìtọ́jú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Wọ̀bìà jẹ́ orúkọ ìwà, kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń jẹ ìpín ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo ti bẹ ọ̀rẹ́ mi, ó sì ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n títí di òní, òun nìkan ní í dá oúnjẹ rẹ̀ jẹ.