Owó tó yẹ kó kó ọ̀dà olójé kúrò nílé: ọwọ́ onílé ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà

Ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà tí wọ́n po òjé mọ́ nínú ilé gbígbé. Òjé yìí náà ni irin tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Ọ̀dà tuntun lòfin dè o; èyí tó ti wà lára ògiri kò kúrò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó jápa lọ sí Baltimore, Chicago tàbí Philadelphia, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ló háyà. Ọ̀dà á máa bó, eruku rẹ̀ á máa dà sídìí fèrèsé, ọmọ tó ń rákò á fọwọ́ kàn án, á ki ọwọ́ bẹnu. Ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́, kò sì sóògùn tó ń dá a padà.

Owó ìrànwọ́ wà. HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, máa ń fún àwọn ìpínlẹ̀ àti ìlú lówó láti fi tún ilé àwọn tówó tó ń wọlé fún wọn ò tó nǹkan ṣe, pàápàá ibi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 bá wà.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dojú rú nìyí: ayálégbé ò lè dá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wá họ ògiri onílé. Onílé ló gbọ́dọ̀ gbà, onílé ọ̀hún sì nídìí tó fi máa ń ṣe bíi pé òun ò gbọ́.

Òfin ni mo kà níléèwé, ẹ jẹ́ kí n fojú òfin wò ó. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 1992 ní kí ẹni tó fẹ́ fi ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 háyà sọ ohun tó bá mọ̀ nípa ọ̀dà olójé ibẹ̀. Ohun tó mọ̀ o! Kò ní kó lọ ṣàyẹ̀wò. Onílé á kọ "mi ò mọ̀" síwèé, ó bọ́ nìyẹn. Àmọ́ tó bá fẹ́ gbowó ìrànwọ́, àyẹ̀wò ló máa kọ́kọ́ wáyé, àtọjọ́ náà ni kò ti lè sọ pé òun ò mọ̀ mọ́. Òfin kan ń pè é pé kó wá gbowó, èkejì ń sọ fún un pé dídákẹ́ sàn jù. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń ní àwọn ò gba ẹni tó lọ́mọ wẹ́wẹ́. Ìyẹn lòdì sófin, ṣùgbọ́n ẹ lọ wá ẹ̀rí tẹ́ ẹ máa gbé dé kóòtù.

Maryland gbọ́n síyẹn. Níbẹ̀, kí ayálégbé tuntun tó kó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, onílé gbọ́dọ̀ ti gbàwé ẹ̀rí àyẹ̀wò. Rochester ní New York náà ṣòfin tirẹ̀ lọ́dún 2005, òṣìṣẹ́ ìlú ló ń lọ yẹ ilé háyà wò. Níbi tí àyẹ̀wò bá ti di dandan, "mi ò mọ̀" ò lérè mọ́; onílé fúnra rẹ̀ lá máa wá owó ìrànwọ́ kiri. Àwọn onílé ń ráhùn pé ìnáwó náà pọ̀, irọ́ kọ́. Owó HUD kúkú wà fún ìyẹn. Lójú tèmi, ìlú tí kò bá tíì sọ àyẹ̀wò di dandan, kí HUD má fún un lówó tuntun.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ sọ fún èèyàn yín tó wà ní Maryland pé kó béèrè ìwé ẹ̀rí yẹn kó tó san rẹ́ǹtì. Ẹni tó bá wà níbòmíì, kó ní kí dókítà yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀.