Ǹjẹ́ Orin Kòríà A Máa Sú Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀ Bí?

Nínú àríyànjiyàn tí a ṣe ní sáà yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ wí nípa orin àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Kòríà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní K-pop, ni pé iná koríko ìgbà ọyẹ́ ni: ó ń jó rabidun nísinsìnyí, kò sì ní pẹ́ kú. “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” ni wọ́n wí, “yóò sú wọn.” Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà, pàápàá nítorí pé àgbà wà nínú wọn, síbẹ̀ èmi kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn náà rí. Ohun kan wà níbẹ̀ tí í máa sú ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin náà.

Àwọn ará Kòríà fúnra wọn ti ronú sí èyí jù wá lọ, nítorí wọ́n ti fún ìpele rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú ìfẹ́ ẹgbẹ́ akọrin kan, ipdeok ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá jáde pátápátá, taldeok ni. Láàrin méjèèjì ni hyudeok wà, èyí tí í ṣe ìsinmi: ẹni náà dẹwọ́, kò ra nǹkan mọ́, kò wá ìròyìn kiri mọ́, ṣùgbọ́n kò kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Wọn a sì máa wí láàrin ara wọn pé ìsinmi wà, ṣùgbọ́n kò sí ìjáde. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àsọdùn díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ H.O.T. Ní ọdún 1996 ni ilé-iṣẹ́ SM Entertainment gbé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 5 yìí jáde ní Seoul. Àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń wọ aṣọ òjò funfun, tí wọ́n sì ń gbé bàlúùnù funfun lọ síbi orin, kí gbogbo ayé lè mọ ti ẹni tí wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 2001 ẹgbẹ́ náà túká. Bí ó bá ṣe pé iná koríko ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, lẹ́yìn ọdún 17, àwọn márààrún tún pàdé, wọ́n sì kọrin fún ọjọ́ 2 nínú pápá ìṣeré Olympic ti Seoul, èrò sì kún ibẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí wọ́n túká ti lé ní 30 ọdún nígbà náà. Ó ṣeé ṣe kí ó ti di ìyá ọmọ. Níbo ni ìfẹ́ náà wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Ó sùn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn obìnrin 4 tí í jẹ́ 2NE1, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tí wọ́n túká ní 2016, tí wọ́n sì padà sórí ìtàgé ní 2024.

Ohun tí ó ń tàn wá jẹ ni pé gbèdéke wà fún ayé àwọn ẹgbẹ́ náà. Ní ọdún 2009, mẹ́ta nínú àwọn akọrin TVXQ pe ilé-iṣẹ́ wọn lẹ́jọ́ nítorí ìwé àdéhùn ọdún 13. Ní ọdún kan náà ni àjọ ìjọba tí ń mójú tó òwò ṣe àwòṣe ìwé àdéhùn tí ó fún akọrin láàyè láti jáde lẹ́yìn ọdún 7. Láti ìgbà náà ni ọdún keje ti di ọdún ìbẹ̀rù fún àwọn olólùfẹ́. Sistar bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ó túká ní 2017. Iṣẹ́ ológun tí òfin fi dandan lé àwọn ọkùnrin lórí tún wà níbẹ̀: àgbà nínú àwọn akọrin BTS wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ẹni ìkẹyìn nínú wọn kò sì parí títí di oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ta ni ojú rẹ̀ kò ní yà sí ibòmíràn láàrin ìgbà náà, nígbà tí ẹgbẹ́ tuntun ń jáde lójoojúmọ́? Ẹni tí ó bá fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, inú ilé kan náà ni ó wà. Yàrá ni ó pààrọ̀.

Kí wá ni ó ń sú wọn? Iṣẹ́ ni. Àwo orin kan náà ni a ń tà ní oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Káàdì kékeré tí àwòrán akọrin kan wà lára rẹ̀ ni a fi sínú àwo kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó rà á kò sì ní mọ ojú ẹni tí yóò bá níbẹ̀ títí yóò fi tú u. Lẹ́yìn èyí, ó di dandan kí ó dìbò fún wọn, kí ó sì máa tẹ orin náà léraléra kí iye rẹ̀ lè pọ̀ sí i. (Mo mọ ẹni tí ó ń fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa kọrin fún yàrá òfìfo.) Nígbà tí ìdánwò bá dé, tàbí tí owó bá tán, ẹrù yìí ni ènìyàn máa ń sọ̀ kalẹ̀, àwa a sì wí pé ìfẹ́ ti tán. Àwọn tí ó jáde pátápátá wà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìjákulẹ̀ ni ó sábà máa ń lé wọn jáde, irú èyí tí ó bá àwọn olólùfẹ́ BIGBANG ní 2019, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà kúrò lórí ìtàgé nítorí ẹ̀sùn ńlá.

Èmi ìbá má yọ ara mi lẹ́nu lórí èyí, bí kò ṣe pé láìpẹ́ a ó dúró níwájú àwọn ọmọ. Olùkọ́ tí ó bá wí fún ọmọ pé “yóò sú ọ” ti sé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì ti fi ohun tí ì bá kọ́ ọ sílẹ̀. Ìṣirò wà nínú káàdì yẹn. Bí akọrin bá jẹ́ 7, tí a sì pín káàdì dọ́gba, nínú ẹni 3 tí ó ra àwo 7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹni 1 kò ní rí ojú tí ó ń wá rárá. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó fún wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Yóò ṣe wọ́n ní rere ju ìbáwí lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin kíláàsì wa kọ́ lẹ́tà Hangul, èyí tí Ọba Sejong kéde ní 1446, nítorí kí ó lè máa bá orin lọ. Ó ti pẹ́ tí a kò gbọ́ orin náà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń ṣe ẹ̀kọ́ ìró èdè ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, òun ni ó dìde lọ síbi pátákó, tí ó fi hàn wá bí ìrísí lẹ́tà kan ṣe jọ ahọ́n tí ó kan ẹ̀yìn eyín òkè. Ó sì ní kí a pe “n” ti Yorùbá, kí a wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n tiwa náà ṣe dúró.