“Kò Dùn Mọ́ Mi” Yàtọ̀ sí “Kò Dára”

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn kan, nítorí ọ̀rọ̀ olórin ni. Ṣùgbọ́n ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin bàbá àti ọmọ, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwà kan tí kò yẹ ọmọ kéwú, èyí ni pé kí ènìyàn máa fi etí ara rẹ̀ nìkan dá gbogbo ayé lẹ́jọ́. Kí ló yẹ kí a sọ nípa olórin tí ọmọdé àti àgbà ń yìn, tí orin rẹ̀ kò sì dùn mọ́ àwa rárá?

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Orin àpàlà olóògbé Àlàájì Hárúnà Ìṣọ̀lá kì í mú orí mi wú. Kì í ṣe pé n kò gbọ́ ọ tó. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ, nínú ọkọ̀ àti lórí rédíò. Bí ìlù bá ti bẹ̀rẹ̀, tí agídìgbo ń dún lábẹ́, àgbàlagbà tó jókòó tì mí á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, omi á lé ròrò sí i lójú, èmi á sì máa wo aago. Ọ̀dọ̀ Yúsúfù Ọlátúnjí onísákárà ni etí tèmi máa ń sá lọ. Bí gòjé bá ti ké, ó di kí wọ́n tó lé mi dìde. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sọ níwájú mi pé Hárúnà kò mọ orin kọ, n ó ní kó jókòó, kó tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Ẹ wo ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Àwo tó kọ́kọ́ ṣe ní 1948 kò tà. Ẹlòmíràn ì bá ti padà sí ẹnu iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n òun ń ti ìlú dé ìlú, ó ń ṣeré fún àwọn tó pè é, títí orin tó fi yìn Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, fi gbé orúkọ rẹ̀ jáde ní 1955 lẹ́yìn tí ọba náà wàjà. Ní 1969, òun àti I.K. Dáíró pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ àwo-orin Star Records sílẹ̀. Ẹ rántí pé ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi Decca àti His Master's Voice ló ń ṣe àwo fún àwọn olórin wa nígbà náà, tí èrè tó pọ̀ jù sì ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú olórin àpàlà kan àti onígìtá kan láti inú ìjọ Kérúbù ló jókòó tí wọ́n ní àwọn náà yóò ní ilé iṣẹ́ tiwọn. Ní 1971 ló ṣe àwo Oroki Social Club, tó fi ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ àwọn ará Òṣogbo lọ́hùn-ún lórúkọ. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé àwo náà tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ní 1981, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari fi oyè MON dá a lọ́lá. Ó kú ní 1983, ọmọ rẹ̀ Músílíù sì gbé àpàlà padà sẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ní 2000 pẹ̀lú àwo Ṣọyọyọ.

Gbogbo èyí kò tíì mú kí orin náà dùn mọ́ mi. Kò sì pọn dandan kó mú un. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ léèrè ni pé ohun kan náà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ni ohun tí ń lé mi sá. Jíjókòó ni Hárúnà máa ń jókòó kọrin, kò ní gìtá, kò ní fèrè òyìnbó, kìkì ìlù, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ni. Kì í kánjú. Á fi òwe ti òwe, á mú ọ̀rọ̀ Àlùkùránì wọ inú rẹ̀, ìlù náà á sì máa rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò ní ibi tí ó ń lọ. Àwọn ní ìfarabalẹ̀ nìyẹn, èmi ní ó falẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo, orúkọ méjì. Nígbà náà ni ó yé mi pé nígbà tí mo bá ní “ó falẹ̀ jù,” ara mi ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò tíì sọ ohunkóhun nípa Hárúnà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka Hàdíìsì mọ ìtàn Khālid ọmọ Walīd àti ẹran ḍabb, ẹranko aṣálẹ̀ tó dà bí alángbá ńlá. Wọ́n sun ún, wọ́n gbé e síwájú Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Ó ti na ọwọ́ sí i kí wọ́n tó sọ ohun tó jẹ́ fún un, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Khālid bi í bóyá èèwọ̀ ni. Èsì rẹ̀ ni pé rárá, kò sí nílẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni, ìdí nìyẹn tí ọkàn òun kò fi fà sí i. Khālid fa ẹran náà sọ́dọ̀, ó jẹ ẹ́, Ànábì sì ń wò ó. Ẹ kíyè sí i dáadáa: kò sọ pé ẹran náà burú, kò fi Khālid ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi ipá jẹ ẹ́ nítorí kí inú àwọn olùgbàlejò lè dùn. Ó sọ ibi tí àìfẹ́ náà ti wá, ìyẹn inú ara rẹ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Abū Hurayra náà sọ nípa rẹ̀ pé kò bú oúnjẹ rí. Bó bá wù ú á jẹ, bí kò bá wù ú á fi sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú jàmáà á ti máa béèrè pé ṣé ìlù àti orin náà tọ́ nínú ẹ̀sìn. Àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí èyí fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Imam Al-Ghazālī tó kú ní 1111 ya apá kan sọ́tọ̀ nínú Ihyā fún ọ̀rọ̀ gbígbọ́ orin. Ojú ewé wa kò gba àríyànjiyàn náà, n kò sì ní ṣí i. Ẹni tí Ààfáà rẹ̀ bá ní kó má gbọ́ ìlù, kó tẹ̀lé Ààfáà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ rárá pàápàá kò ní àṣẹ láti jẹ́rìí pé ẹni báyìí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Súrà Hūd, aayah 85, Ànábì Shuʿayb kìlọ̀ fún àwọn ará Madyan lórí òṣùwọ̀n, ó sì ní kí wọ́n má dín ohun tó jẹ́ ti àwọn ènìyàn kù. A máa ń rò pé àwọn ìyá wa lọ́jà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, àwọn tí ń fi ìdí kóńgò sínú kí ìwọ̀n lè kéré. Àmọ́ ìyìn tó tọ́ sí ènìyàn, tirẹ̀ ni. Oníṣòwò tí kì í jẹ ẹ̀wà kò gbọdọ̀ torí bẹ́ẹ̀ wọn ẹ̀wà níṣìírò fún oníbàárà. Kó wọ̀n ọ́n kún, kó lọ sílé lọ jẹ àmàlà rẹ̀.

Ìyẹn kò wá sọ pé kí a máa díbọ́n. Ẹ wo bí ó ti ń rí lóde àríyá: ẹni tí kò gbọ́ ohun tí olórin ń wí á máa mi orí, á máa nówó, nítorí pé ẹni ńlá kan ń wò ó. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀ fún olórin, ọ̀wọ̀ fún ẹni ńlá ni. Olórin tó gbọ́n pàápàá mọ èyí tí ń gbọ́ àti èyí tí ń ná owó lásán.

Irú ọ̀wọ̀ kan tún wà tí mo máa ń fura sí. Ẹ bi àwọn ènìyàn léèrè nípa Fẹlá Aníkúlápó-Kútì tó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1997. Ọ̀pọ̀ á ní: “Èmi ò gbádùn orin rẹ̀, àmọ́ mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà rẹ̀.” Lóòótọ́ ni ìgboyà náà wà, àwọn sójà sun ilé rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ìyá náà kò sì gbádùn ara rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú lọ́dún kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ìgboyà kọ́ ni orin. Ọ̀pọ̀ ló gbójú gbóyà tí kò lè to fèrè mẹ́ta pọ̀. Fẹlá ń kọ orin tí ìlù àti fèrè á fi gba odindi ìdajì kó tó la ẹnu rárá, ìlù tí Tony Allen ń lù fún un sì ti di ohun tí àwọn onílù òkè òkun ń kọ́. Bí a bá yin ìgboyà rẹ̀ tán, gbèsè orin ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì san. Ìwà rẹ̀ tí a kò fẹ́, ẹ jẹ́ kí a sọ pé a kò fẹ́ ẹ. Òun náà ní àyè tirẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ kàn yín o. Ẹ máa ń ní ariwo ni gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn bàbá yín sọ nípa fújì. Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí ní 1948 tó sì kú ní London ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2010, inú orin wéré ló ti bẹ̀rẹ̀, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Rámádáànì. Ó ṣe iṣẹ́ sójà nígbà ogun abẹ́lé, ó padà, ó sì sọ orin ajísààrì di ohun tí odindi orílẹ̀-èdè ń jó sí. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfuurufú ni òun ti mú orúkọ náà. Àwọn àgbà ìgbà náà ní kò ní pẹ́ parẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jó o lọ́jọ́ náà lẹ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà sí àwọn ọmọ yín lónìí nípa Burna Boy tó gba Grammy ní 2021. Bí ọ̀rọ̀ inú orin bá jẹ́ ọ̀rọ̀ rírùn, ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ rírùn ni, kí ẹ sì pa á lẹ́nu nínú ilé yín. Ẹ̀tọ́ yín ni. Àwọn àgbà náà bá Barrister àti Kollington wí nígbà tí wọ́n ń fi orin bú ara wọn, kò sì sẹ́ni tó ní wọ́n ṣe àṣejù. Ẹ kàn má dá ẹjọ́ ohùn mọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀.

Ti àwọn ọmọ ló ká mi lára jù. Nígbà tí ọmọ bá rẹ́rìn-ín sí àwo Hárúnà bàbá rẹ̀, bàbá náà kì í jà. Á pa á, á dákẹ́. Ohun tó bá a dákẹ́ ni ìtumọ̀ àwọn òwe inú àwo náà, ẹni tí wọ́n fi kì, ìdí tí wọ́n fi kì í, àti ìtàn ìdílé tó so mọ́ ọn. Lára Yorùbá tó wà nínú àpàlà, mélòó la lè rí nínú ìwé tí wọ́n ń kà ní kíláàsì? Ní ìlú wa níbí, àwọn tó lè túmọ̀ rẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Ọmọ tí kò fẹ́ orin náà ṣì lè béèrè pé, “Bàbá, kí ni wọ́n wí níbẹ̀ yẹn?” Kò dun ọmọ náà ní nǹkankan.

Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa náà mú èyí wọ inú mùsábákà. Kíké Àlùkùránì kì í ṣe orin, n kò sì fi wọ́n sí ẹgbẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n etí kan náà la fi ń gbọ́ méjèèjì. Àwọn adájọ́ kan wà tó jẹ́ pé Sheikh Abdul Basit tó kú ní 1988 nìkan ni wọ́n mọ̀, pẹ̀lú èémí gígùn rẹ̀ tó ń mú jàmáà pariwo. Ọmọ tó bá wá ké e ní ọ̀nà Sheikh al-Husary, wọ́ọ́rọ́wọ́, tí gbogbo harafi jáde ní ibùjáde rẹ̀, wọ́n á ní kò ní adùn, wọ́n á yọ máàkì. Èyí kò dára. Kí wọ́n kọ máàkì tàjwíìdì àti ti ìrántí sílẹ̀ ná, kí wọ́n fi àmì ọwọ́ sí i, kó tó kan ti ohùn. Ọmọ tí ìdgām rẹ̀ pé, tí máddì rẹ̀ kò dín tí kò lé, kí wọ́n fún un ní máàkì rẹ̀, bí alága àwọn adájọ́ tilẹ̀ ń tòògbé.