Eyín Tó Yẹ Kó Sùn Sínú Omi
Ẹni tó ń fi eyín àtọwọ́dá sùn ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà nílẹ̀ Ìbàràpá ń fi ara rẹ̀ wewu, kò sì yẹ ká ka ọ̀rọ̀ náà sí ti ẹwà nìkan. Itọ́ kì í ráyè ṣan abẹ́ eyín tó lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu tọ̀sán-tòru. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Candida á gbilẹ̀ níbẹ̀, àjà ẹnu á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Eyín àtọwọ́dá tó ti ń mì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2004, àwọn dókítà UCH Ìbàdàn kọ̀wé lórí eyín àtọwọ́dá tó há sí ọ̀nà ọ̀fun. Ó lè já wọlé lójú oorun, òkèlè àmàlà sì lè gbé e lọ. Wáyà rẹ̀ lè ya ọ̀fun, bẹ́ẹ̀ ike rẹ̀ kì í sábà hàn nínú fọ́tò X-ray. Àwọn kan á ní ojú ń ti àwọn láti wà láìléyín níwájú ọkọ tàbí aya. Ìtìjú yẹn wúwo lóòótọ́, àmọ́ ìgbà oorun òru nìkan ni eyín náà máa wà nínú ife omi. Ẹni tó ní ọ̀dọ̀ dókítà eyín ní Ìbàdàn jìnnà kò purọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ètò ìlera Ìbàràpá, tí Yunifásítì Ìbàdàn dá sílẹ̀ ní 1963, máa yẹ eyín àwọn àgbà wò lọ́dọọdún.