Òwú Wo Ni Ó Yẹ Ara Ọmọ, Èwo Ni Ó Yẹ Ara Ìyá?

Ọ̀rọ̀ kíróṣè ni mo fẹ́ kí a jọ sọ nínú oṣù yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó bá abiyamọ lára mu ni: bí ọmọ bá sùn, a mú un, bí ọmọ bá jí, a gbé e kalẹ̀, kò sì ní bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ bí a ti ń hun ẹ̀wọ̀n àti ọ̀pá. Ohun tí a kì í sábà kọ́ni ni bí a ti ń yan òwú. Bẹ́ẹ̀ sì ni òwú ni ó ń sọ bóyá aṣọ yóò tu ara tàbí yóò ni ara lára.

Ojú mi rí èyí nígbà àkọ́bí mi. Kí n tó bí i, mo ti hun ẹ̀wù, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ dè é. Òwú aláwọ̀ ìyeyè kan tí ó rọ̀ múlọ́múlọ́ ni mo rà lọ́jà. Wúlù ọmọdé ni ẹni tí ó tà á fún mi pè é. Oṣù Ẹrẹ́nà ni ìsọmọlórúkọ bọ́ sí, ooru sì mú débi pé àwọn àgbà ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn. Mo wọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ, mo tún fi ìbora lé e. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo fún un lọ́mú, kò mu. Mo gbé e jó, kò dákẹ́. Nígbà tí ó yá, ìyá ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, wọ́n sì wí pé: “Ìyàwó, ọmọ ni o bí, kì í ṣe ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí à ń pọ́n léwé kí a tó gbé e kaná.” Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n bọ́ ẹ̀wù. Ooru ti sú sí i lọ́rùn àti láyà. Kò pẹ́ tí ara fi tù ú, ó sì sùn lọ.

Ojú tì mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò lọ tán, ìyá ọkọ mi mú ìdì òwú funfun kan wá fún mi láti inú àpótí wọn, wọ́n ní kí n hun òmíràn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè kí n tó mú abẹ́rẹ́: ara ta ni yóò wọ èyí, àti ní ìgbà wo?

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni òwú gidi, èyí tí ó ti inú oko wá, irú èyí tí àwọn ìyá wa àtijọ́ ń ran tí wọ́n sì fi ń hun kíjìpá. Ó máa ń tutù lára, ó sì ń fa òógùn mu. Òun ni ó yẹ ọmọ ọwọ́ ní ìgbà ooru, òun náà ni ó yẹ bùláòsì tí ìyá yóò wọ̀ lọ sí ọjà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó wúwo, pàápàá nígbà tí ó bá tutù, ó sì máa ń fà gùn sílẹ̀. Ẹ hun ún kúrú díẹ̀ ju bí ẹ ti fẹ́ lọ.

Èkejì ni akirílíìkì. Èyí ni ó pọ̀ jù lára ohun tí à ń pè ní wúlù lọ́jà wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgùntàn kan tí ó mọ nǹkan nípa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é láti inú ohun tí ó ti ara epo rọ̀bì wá. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ bí òdòdó. Ṣùgbọ́n kì í fa òógùn mu bí òwú. Ẹ fi í hun ìborùn ìgbà ọyẹ́, àpò, tàbí ìbòrí tìmùtìmù. Ẹ má ṣe fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án, nítorí yóò yọ́.

Ẹ̀kẹta ni wúlù gidi, irun àgùntàn ìlú òtútù. Àgùntàn tiwa kì í ní irú irun bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò tàbí ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí ni kí ẹ fi hun fìlà ránṣẹ́ sí wọn, nítorí ó ń móoru bí ó tilẹ̀ tutù díẹ̀. Omi tí kò gbóná ni kí a fi fọ̀ ọ́, láìbó o. Bí a bá fi omi gbígbóná bó o, yóò súnkì, kò sì ní padà sípò mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni òwú onírun wúyẹ́wúyẹ́. Ó dùn ún fọwọ́ pa, ó sì rẹwà ní ọrùn ẹ̀wù àgbà. Ẹ má ṣe lò ó fún ọmọ ọwọ́ tí ń ti gbogbo nǹkan bọ ẹnu, nítorí irun rẹ̀ a máa já. Kò sì yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, nítorí kò ní rí ojú tí yóò ki abẹ́rẹ́ bọ̀.

Òwú tín-ín-rín ni ó kẹ́yìn, tí a fi ń hun etí aṣọ àti kọ́là. Irú òwú yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin Áílándì fi bọ́ ilé wọn nígbà ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1845. Títí di òní, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń hun kíróṣè gidi. Àfarawé rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbìyànjú bùláòsì yìí fún ara yín. Òwú gidi àti abẹ́rẹ́ mílímítà 4 ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ hun àpẹẹrẹ kékeré tí ó tó íǹṣì 5 níbùú àti lóròó, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a, kí ẹ sì ka iye ọ̀pá tí ó wà nínú íǹṣì 4 ní àárín rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 16, ọ̀pá 80 ni yóò fún yín ní íǹṣì 20. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú abẹ́rẹ́ tí ó tóbi sí i. Bí kò bá tó, ẹ mú èyí tí ó kéré.

Ẹ hun ẹ̀wọ̀n 82. Ẹ fi ọ̀pá àkọ́kọ́ sínú ojú kẹrin láti ìdí abẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa bá a lọ dé òpin. Ẹ̀wọ̀n 3 tí ẹ fò dúró fún ọ̀pá kan, gbogbo rẹ̀ sì di 80. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ hun ẹ̀wọ̀n 3 dípò ọ̀pá kìíní. Bí ó bá gùn tó íǹṣì 20, ẹ gé òwú. Ẹ hun èkejì rẹ̀. Ẹ rán èjìká méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi íǹṣì 10 sílẹ̀ ní àárín fún ọrùn. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi íǹṣì 8 sílẹ̀ lókè fún apá. Ó tán. Obìnrin tí àyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 36 yóò wọ̀ ọ́ ní ìrọ̀rùn.

Ní ti ọmọ ọwọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹ bọ́ fìlà lórí rẹ̀ bí ó bá fẹ́ sùn nínú ilé. Ẹ má ṣe fi okùn gígùn sí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ hun ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ní ojú tí ó ṣù mọ́ra, kí ẹ sì yí inú rẹ̀ síta wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́, nítorí fọ́nrán tí ó já lè wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ kí ó sì dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo aṣọ ni à ń sá sí oòrùn. Òótọ́ gidi ni fún kíróṣè. Ẹ má ṣe fún un bí èsúró, ẹ má ṣe fi kọ́ sórí okùn. Ẹ fi aṣọ ìnura gbá omi rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ibòji.

Fìlà òwú funfun tí mo hun nígbà náà, ọmọ mi mẹ́ta ni ó dé e. Ó wà nínú àpótí mi, ó ń dúró de ọmọ-ọmọ. Ti aláwọ̀ ìyeyè ńkọ́? Bèbí ọmọ mi ni ó jogún rẹ̀; ooru kì í mú bèbí.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ọwọ́ yín kò ní kán o.