Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Mú?

Ẹnu àwa ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò kò lórí ọ̀rọ̀ Maitland Ward, òṣèré Amẹ́ríkà tó ṣe Rachel nínú eré tẹlifíṣọ̀n Boy Meets World, tó wá di òṣèré bùlúù fíìmù. Àwọn kan ní ó ti bàjẹ́. Àwọn kan ní ó ti gba òmìnira. Lójú tèmi, apá méjèèjì ló ṣì í.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ó bàjẹ́, ẹ gbọ́ ná. Obìnrin yìí kò tíì pé ogún ọdún nígbà tó wọ The Bold and the Beautiful ní 1994. Ní 1998 ó wọ Boy Meets World, eré náà sì parí ní 2000. Ó wà nínú White Chicks ní 2004. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ta nínú yín ló béèrè ẹ̀? Ìgbà tó bọ́ṣọ nínú Drive ní 2019 lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí orúkọ ẹ̀. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó lóru, tẹ́ ẹ̀ ń bú u lọ́sàn-án, ẹ̀yin ni akátá.

Ẹ̀yin ọlọ́mìnira, ó kàn yín. Òótọ́ ni pé ó gba àmì ẹ̀yẹ AVN ní 2020. Òótọ́ ni pé ó kọ ìwé ní 2022, ó ní iṣẹ́ yìí ló yọ òun lọ́wọ́ Hollywood. Mi ò bá a jiyàn, ayé ẹ̀ ló ń jẹ. Àmọ́ ẹ má fi ṣe ìwàásù fún ọmọ ọdún méjìdínlógún tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ rí. Orúkọ tí tẹlifíṣọ̀n ti sọ di ńlá ni Ward gbé wọjà.

Ẹ wo OnlyFans, níbi tóun náà ti ń tajà. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó bá wọlé, ogún náírà jẹ́ tiwọn. Ní oṣù kẹjọ 2021, wọ́n kéde pé tó bá di oṣù kẹwàá, àwọn ò ní gba fídíò ìbálòpọ̀ mọ́. Wọ́n ní báńkì ló fà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún yí ohùn padà. Ṣé òmìnira nìyẹn, àbí ọ̀gá tuntun?

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ẹ gbà mí gbọ́. Ìlà kóòdù kan ṣoṣo tó láti ti àkáǹtì èèyàn pa, kówó dúró. Àmọ́ kò sí ìlà kóòdù náà láyé tó lè kó fídíò tó ti jáde padà wálé. Wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ ẹ. Wọn ò lè dá ìhòòhò ẹ padà fún ẹ.

Torí náà, ẹ fi Ward lọ́rùn sílẹ̀, ẹ má sì sọ ọ́ di àwòkọ́ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó kọ́kọ́ béèrè ta ló di kọ́kọ́rọ́ mú.