A Kì í Fi Ìrọ̀lẹ́ Kan Mọ Ọmọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró ti àwọn tí ń ṣa ọ̀dọ́mọdé agbábọ́ọ̀lù ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àkànràn. Bọ́ọ̀lù kò tíì kan ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n fi ya àwọn tó ga sọ́tọ̀, tí wọ́n ní kí àwọn kúkúrú máa lọ sílé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, èyí kì í ṣe ìmọ̀, ìkánjú ni.

Ọmọ ọdún 16 méjì kì í dàgbà bákan náà. Ẹni tó tètè ga ń fi agbára borí lónìí. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ga bá a lọ́la, kí ni yóò kù fún un? N'Golo Kanté, tí àwọn ẹgbẹ́ kan kọ̀ ní ilẹ̀ Faransé nítorí pé ó kéré, wà lára àwọn tó gba Ife Àgbáyé ní 2018.

Wọn a ní bí a bá dúró, ọjọ́ orí ọmọ yóò lọ, ilé-ẹ̀kọ́ yóò sì dí i lọ́wọ́. N kò gbà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kẹ́kọ̀ọ́ ní Pólì Ìbàdàn, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún IICC tó gba ife Áfíríkà ní 1976. Ẹ wo ọmọ fún ọdún kan gbáko, nínú òjò àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Nígbà Àgbẹ́kọ̀yà, ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Àkànràn kọ owó-orí tí kò wo ìkórè wọn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà kọ ìdájọ́ tí kò dúró de ìkórè ọmọ wa.